Ó Ń Sáré Kí A Tó Tọ́jú Rẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Kú Lẹ́yìn Sáfíìsì

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú yín, mo máa ń rò pé wíwá àléébù ẹ́ńjìnì kò ju kí èèyàn mọ orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kan tó dàgbà jù mí lọ ló kọ́ mi ní nǹkan mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti lọ kàwé gboyè kejì. Ohun tó kọ́ mi ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí ó kan gbogbo ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa fọwọ́ kàn.

MGB ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ asáré kékeré oníjòkòó méjì tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Abingdon láti 1962 títí di 1980. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní 500,000. Ìdí nìyí tí ó fi ṣì wọ́pọ̀ lójú pópó lọ́hùn-ún, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà. Ti ọdún 1970 ni eléyìí. Ẹ̀gbọ́n kan ló ni ín, ọmọ ẹ̀ka wa yìí náà ni wọ́n, tí wọ́n ti jáde kí n tó dáyé. Wọ́n ra ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì máa ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ooru.

Nígbà tí òtútù lọ tán lọ́dún náà, Ẹ̀gbọ́n pinnu pé àwọn fúnra wọn làwọn máa ṣe sáfíìsì ọkọ̀ náà. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ń sáré. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ Àìkú, ó kú fún wọn láàárín ráńdábáòtù, tírélà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn wọ́n lẹ́yìn. Màmá, ìyàwó wọn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n délé, Màmá ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ náà mọ́, kí Ẹ̀gbọ́n tà á.

Bó ṣe ń ṣe nìyí: tí wọ́n bá ṣíná sí i, á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Á dúró jẹ́ẹ́ sí sílóò, bí àwọn mẹkáníìkì wa ṣe ń pe ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹsẹ̀ lórí iná. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹná kí ọkọ̀ lè gbéra, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì kú. Nígbà mìíràn, á fà díẹ̀ kó tó kú.

Ìmọ̀ràn pọ̀. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní pọ́ǹpù epo ló ń kú lọ, pé epo kò dé iwájú mọ́. Mẹkáníìkì kan ní kí wọ́n pààrọ̀ kábúrétọ̀ méjèèjì. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n fi máa pè mí, wọ́n ti ra pọ́ǹpù tuntun, ó wà nínú páálí rẹ̀ lórí tábìlì. Owó náà kọ́ ló dùn wọ́n jù. "Àbúrò," wọ́n ní, "ọkọ̀ yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á."

Ìbéèrè àkọ́kọ́: kí ni a fọwọ́ kàn?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó ń sáré lọ́jọ́ Ẹtì tó wá ń kú lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yìn ni ká kọ́kọ́ wò. Mo bẹ Ẹ̀gbọ́n kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n tú, tí wọ́n pààrọ̀, tàbí tí wọ́n kàn ṣí kúrò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà sórí ìwé. Ohun tí wọ́n kọ rè é:

1. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti fíltà ọ́ìlì.
2. Pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
3. Kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà inú dìsìtìríbútọ̀.
4. Fíltà afẹ́fẹ́ méjèèjì, pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì wọn.
5. Ọ́ìlì díẹ̀ tí wọ́n bù sórí kábúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wò ó dáadáa: pọ́ǹpù epo kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, nítòsí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹnikẹ́ni kò sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé pọ́ǹpù kò lè bàjẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà tí a pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ sọnù nínú yàrá kì í kọ́kọ́ lọ wá a lójà.

Ohun tí ẹ́ńjìnì ń béèrè

Gbogbo wa la ti kọ́ ọ ní ọdún kejì: ẹ́ńjìnì ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì ń fẹ́ iná tó ta lákòókò tó yẹ. Tí ọ̀kan bá dín kù, ó kú. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá àléébù ni láti mọ èyí tó dín kù kí ó tó fi sípánà kan ohunkóhun. Mo fẹ́ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ṣe mú wọn lọ́jọ́ náà.

Iná

Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bí èyí, kọ́ńtáàtì ló ń ṣí, tó ń pa dé, tó ń gé iná tó ń lọ sínú kọ́ìlì. Ìgbà tí ó bá ṣí ni kọ́ìlì ń ju iná ńlá sí pílọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnì MGB ní sílíńdà mẹ́rin, 1,798 cc. Tó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàtì á ṣí nígbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú náà, ìyẹn ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ojú rẹ̀ kò ju 0.35 sí 0.40 mìlímítà lọ. Kọ̀ńdẹ́ńsà ni kì í jẹ́ kí iná jó ojú kọ́ńtáàtì nígbà tó bá ń ṣí. Nítorí náà, tí sáfíìsì bá kan kọ́ńtáàtì, ó yẹ kí a fura sí i, pàápàá nítorí pé kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun lè ti bàjẹ́ látinú páálí.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ní ẹlẹ́rìí kan tí kì í sọ̀rọ̀: aago iwájú awakọ̀ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnì. Iná tó ń lọ sí kọ́ìlì ni aago yìí ń kà. Tí iná bá gé lójijì nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ nínú gíà, ọwọ́ aago á já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n gé okùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ epo tàbí afẹ́fẹ́ ló ṣẹ̀, iná ṣì ń ta, ọwọ́ aago á sì máa bá ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n bí ẹ́ńjìnì ṣe ń rọ̀.

A gbé ọkọ̀ lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí kan tó ṣófo ní kùtùkùtù. Ẹ̀gbọ́n wà á, èmi sì ń wo aago. Ó kú nígbà mẹ́ta. Nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ aago bá ẹ́ńjìnì sọ̀ kalẹ̀, kò já rí. Síbẹ̀, a kò fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́. A fi fílà géèjì wọn àlàfo kọ́ńtáàtì, ó pé. A fi kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ sípò tuntun, ọkọ̀ ṣì kú. A dá tuntun padà, a sì fi iná sílẹ̀.

Epo

A yọ páípù epo kúrò lára kábúrétọ̀, a fi ẹnu rẹ̀ sínú ike olómi líta kan, a sì ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láì ṣíná sí ẹ́ńjìnì. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í lù kọ́kọ́kọ́ lẹ́yìn. Pọ́ǹpù MGB tí ara rẹ̀ le lè tú tó líta kan ní ìṣẹ́jú kan. Ike wa kún kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ẹ̀gbọ́n wo páálí orí tábìlì, wọn kò sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí, ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kí ẹ́ńjìnì ti tutù, kí ohun èlò ìpaná wà nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe mu sìgá níbẹ̀. Epo bẹntiróòlù kì í ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni a tú pílọ́ọ̀gì. Pílọ́ọ̀gì tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ojú wọn ti dúdú, èéfín gbígbẹ bò wọ́n bí ìdí ìkòkò orí iná igi. Pílọ́ọ̀gì ọkọ̀ tí ebi epo ń pa máa ń funfun ni. Eléyìí dúdú nítorí pé epo tó ń wọlé pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yí padà níbẹ̀: ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n ní epo kò tó, ojú pílọ́ọ̀gì ní epo ti pọ̀ jù. Tí a bá ti fi pọ́ǹpù tuntun sí i, owó á ti lọ, ọkọ̀ á sì máa kú bó ṣe ń kú.

Afẹ́fẹ́

Ọ̀nà tó yá jù láti dán afẹ́fẹ́ wò ni kí a tú ohun tó ń dí i. A tú àpótí fíltà méjèèjì kúrò lára kábúrétọ̀, a ṣíná, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n tẹná díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i, ó tún dáhùn, kò wúkọ́ rárá.

Ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Fíltà tuntun yìí ni ọ̀tá!" Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A wá fíltà àtijọ́ rí nínú àpò ìdọ̀tí, a gbọn ekuru rẹ̀, a fi sínú àpótí rẹ̀, a dè é padà. Ọkọ̀ tún kú.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Tí a bá tú fíltà, ọkọ̀ á dára. Tí a bá dá fíltà padà, ì báà jẹ́ tuntun tàbí àtijọ́, á kú. Nígbà náà, kì í ṣe fíltà. Ohun mìíràn ni a ń tú pẹ̀lú rẹ̀, tí a sì ń dá padà pẹ̀lú rẹ̀, láì kà á sí. Bọ́ọ̀tì tó de àpótí fíltà ló tún de gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹnu kábúrétọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì náà wà lórí ìwé wa láti àárọ̀, ní ìdí ìlà kẹrin.

Ohun tí ihò wẹ́wẹ́ ń ṣe

Kábúrétọ̀ SU méjì ló wà lára MGB yìí, wọn kò sì dà bí ti Volkswagen Ìjàpá tí àwọn mẹkáníìkì wa nílé mọ̀ dunjú. Nínú ti SU, písítìnì kékeré kan wà tó ń lọ sókè sódò lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Abẹ́rẹ́ kan so mọ́ ìdí rẹ̀, ó wọ inú ihò tí epo ń gbà jáde. Tí písítìnì bá gòkè, ọ̀nà afẹ́fẹ́ á fẹ̀, abẹ́rẹ́ náà á sì fà sókè kí epo púpọ̀ sí i lè jáde. Nípa bẹ́ẹ̀, epo àti afẹ́fẹ́ ń bá ara wọn dọ́gba nígbà gbogbo.

Kí ló ń gbé písítìnì yìí sókè? Kì í ṣe ẹsẹ̀ awakọ̀. Òkè písítìnì ń gba ìfà látọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ ìta láti ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ẹnu kábúrétọ̀, lápá ibi tí fíltà ti so mọ́ ọn. Ìfà wà lókè, afẹ́fẹ́ ìta wà nísàlẹ̀: ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló ń gbé e dìde.

Gásíkẹ́ẹ̀tì fíltà ní ihò bọ́ọ̀tì méjì tó bá ara wọn dọ́gba, nítorí náà ó wọlé síbẹ̀ bó ti wù kí a dojú rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gé àyè ihò wẹ́wẹ́ náà sí. Tí a bá yí i sódì, bébà tó wà lódìkejì á di ihò wẹ́wẹ́ pa. Ìfà á wá máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá lọ sísàlẹ̀, òkè àti ìsàlẹ̀ á di ọ̀kan náà, písítìnì á sì jókòó sílẹ̀ nítorí ìwúwo ara rẹ̀.

Ní sílóò, kò hàn, nítorí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ń fẹ́, ọ̀nà tóóró náà sì tó o. Ṣùgbọ́n tí a bá tẹná, ẹ́ńjìnì á béèrè afẹ́fẹ́ púpọ̀, kò ní rí i. Ìwọ̀nba tó ń kọjá á máa sáré gba ojú tóóró, á sì máa fa epo kíkankíkan bó ṣe ń lọ. Epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, pílọ́ọ̀gì á dúdú, ẹ́ńjìnì á wúkọ́, á kú. Gbogbo ohun tí a ti rí láàárọ̀ náà ló bá àlàyé yìí mu.

A tú gásíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Òdì ni wọ́n wà. A yí wọn padà, a dè wọ́n, Ẹ̀gbọ́n sì wa ọkọ̀ yí pápá náà ká nígbà mẹ́fà. Kò kú.

Mo wá ní kí a yí gásíkẹ́ẹ̀tì sódì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀gbọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n àwọn náà jáde ní ẹ̀ka wa, ó yé wọn. A yí i sódì, ọkọ̀ kú. A tún un ṣe, ó sáré. Àléébù tí a lè mú wá tí a sì lè lé lọ nígbà tó bá wù wá, ìyẹn nìkan ni a lè sọ pé a ti mọ̀ ọ́n.

Tí tirẹ̀ bá yàtọ̀

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń kú lẹ́yìn sáfíìsì ni ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Bí ó ṣe ń kú ló máa tọ́ka síbi tí a máa wò:

- Tó bá kú lójijì, tí ọwọ́ aago já sí òdo: ẹ wo àwọn wáyà kékeré inú dìsìtìríbútọ̀ tí a tú nígbà tí a ń pààrọ̀ kọ́ńtáàtì, bóyá ọ̀kan já tàbí ó ń kan irin.
- Tó bá dára nígbà tó tutù, tó kú nígbà tó gbóná, tó tún dáhùn lẹ́yìn tó tutù: ẹ fura sí kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun tàbí kọ́ìlì. Ẹ dá kọ̀ńdẹ́ńsà àtijọ́ padà, kí ẹ wò ó.
- Tó bá dára lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó wá ń burú sí i díẹ̀díẹ̀: ó ṣeé ṣe kí a má fi gírísì sí ibi tí kọ́ńtáàtì ti ń fara kan ọ̀pá tó ń ṣí i. Ó ń jẹ lọ, àlàfo rẹ̀ sì ń pa dé.
- Tí kò bá lè dúró ní sílóò àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí iná: ẹ wá páípù rọ́bà kékeré tí a yọ tí a gbàgbé láti dá padà, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.
- Tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a tẹná lójijì, tó sì lọ lẹ́yìn náà: ẹ wo ọ́ìlì orí kábúrétọ̀, bóyá kò sí níbẹ̀.
- Tó bá sáré lọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú, tí afẹ́fẹ́ sì ń súfèé wọlé nígbà tí a ṣí ìdérí táǹkì: táǹkì kò rí afẹ́fẹ́ mí sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ

Ẹ má ṣe da ẹ̀yà àtijọ́ nù títí ọkọ̀ á fi sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kí a tó yọ ọ́ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù tí ẹ lè ní. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun gbogbo kí ẹ tó tú u. Tí Ẹ̀gbọ́n bá ti ya ẹnu kábúrétọ̀ wọn ní àwòrán, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí délé wa. Ẹ máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀. Tí a bá ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, kábúrétọ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ á ti sáré, àwa á sì máa yin pọ́ǹpù títí di òní. Paríparí rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń pani láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dá pọ́ǹpù padà fún ẹni tó tà á. Kábúrétọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ní kì í ṣe ọwọ́ wọn ló pa ọkọ̀ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọwọ́ mi ni, àbúrò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi náà ló tún un ṣe." Màmá kò wọ ọkọ̀ náà lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbà kí Ẹ̀gbọ́n gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n gba ọ̀nà tí kò ní ráńdábáòtù.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ wà káàkiri, ẹ̀rọ yòówù kí ẹ máa bá ṣiṣẹ́, tí ó bá ti kú mọ́ yín lọ́wọ́ rí lẹ́yìn tí ẹ tọ́jú rẹ̀ tán, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn nílò rẹ̀.